Ohun tí ìtànṣán bá kàn: páànù, alágẹmọ àti erùpẹ̀ oko kòkó

Bí yàrá bá gbóná ní Ìkirè ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ẹ má wo ògiri, ẹ wòkè. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù kẹrin àti nínú oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró gan-an sí àárín orí wa lọ́sàn-án gangan, kì í sì í jìnnà púpọ̀ síbẹ̀ ní ìyókù ọdún. Òrùlé ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù.

Ìtànṣán tó bá kan nǹkan, ọ̀nà mẹ́ta péré ló ní. Nǹkan náà lè dá a padà, ó lè gbé e mì, ó sì lè jẹ́ kí ó kọjá. Páànù kì í jẹ́ kí ó kọjá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà, tó ń dán, ń dá púpọ̀ padà sójú ọ̀run. Èyí tó ti dógùn-ún, irú tó bo àwọn agboolé àtijọ́, ń gbé e mì. Ohun tó bá gbé mì á di ooru. Páànù á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní ṣeé fi kàn án, òun náà á sì máa rọ ooru tí ojú kò rí lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí. Ìdí nìyẹn tí fáànù kì í fi í ran èèyàn lọ́wọ́ púpọ̀ nínú yàrá tí kò ní sílìn: afẹ́fẹ́ ni fáànù ń fẹ́, kò lè fẹ́ ìtànṣán dànù. Sílìn ló ń gba ooru yẹn dípò wa. Bí a bá sì dá ihò sí abẹ́ etí òrùlé kí atẹ́gùn lè máa gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná inú àjà jáde, iṣẹ́ ńlá ti parí. Ọ̀dà funfun lórí páànù ogbó náà ń ṣe bẹbẹ. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì ní sọ pé òun ń dúró de iná NẸ́PÀ.

Ògiri alámọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó nípọn, ooru sì ń fẹsẹ̀ palẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án lè lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ kó tó yọ sínú yàrá. Nígbà yẹn ilẹ̀ ti ṣú, ìta ti tutù, a sì ti ṣí fèrèsé.

Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ láti Àpòmù, ìlú tó múlé gbe Ìkirè, bí ọ̀nà bá já gaara, wọ́n kọ́ ọgbọ́n bíi tèyí sí kọnkéré. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹ lọ wo ilé ẹ̀ka Humanities. Àjà kejì fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àjà kẹta fẹ̀ ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i bó ti ń gòkè. Òjìji àjà tó wà lókè ló ń bo fèrèsé tó wà nísàlẹ̀, òjò kò sì lè fẹ́ wọlé bó ṣe wù ú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ló wá dé tí àwọn ilé ìgbàlódé tí a ń kọ́ káàkiri fi ń kọjú gíláàsì sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n wá ń fi jẹnẹrétọ̀ lé ooru tí àwọn fúnra wọn pè wọlé?

Ẹranko náà mọ ọ̀rọ̀ ìtànṣán yìí. Nínú oko kòkó ní Àpòmù, alágẹmọ lè wà lórí ẹ̀ka níwájú imú ẹni kí a má rí i. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí a bá gbé e sórí aṣọ pupa, á pọ́n. Irọ́ ni. Kì í wo aṣọ kó tó pa àwọ̀ dà. Inú bíbí, obìnrin, òtútù àti oòrùn ló ń mú un ṣe é jù. Lọ́dún 2015 ni Michel Milinkovitch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Geneva tó fi bí ó ṣe ń ṣe é hàn gbangba, lára alágẹmọ Madagásíkà. Abẹ́ awọ rẹ̀ ni àwọn hóró kírísítálì wà, wọ́n kéré jọjọ, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, hóró wọ̀nyí á súnmọ́ra, ìmọ́lẹ̀ búlúù ni wọ́n á sì máa dá padà. Búlúù náà á gba inú àwọ̀ ìyeyè tó wà lórí wọn jáde, ojú wa á sì rí àwọ̀ ewé. Bí akọ mìíràn bá yọjú, àwọn hóró náà á fà jìnnà síra, ìyeyè àti pupa ló máa wá padà. Ìpele kejì tún wà nísàlẹ̀, tí hóró tirẹ̀ tóbi jù: ooru oòrùn tí ojú kò rí ló ń dá padà. Iṣẹ́ tí ọ̀dà funfun ń ṣe lórí páànù nìyẹn.

Ní ti erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ igi kòkó náà, ojú lásán kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti ń fín oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Bàbà kì í jẹrà. Tọdún yìí á kún tèṣí, yóò sì máa pọ̀ sí i lójú ilẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí agbára, CERD, ní yunifásítì Ifẹ̀ ní ẹ̀rọ kan tó lè wá bàbà yẹn rí. Accelerator ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kún átọ́ọ̀mù háídírójìn kó lè di nẹ́gétíìfù. Àárín ẹ̀rọ jẹ́ pọ́sítíìfù, fóòtì rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 1.7, nítorí náà háídírójìn á fi eré lọ síbẹ̀. Bó ti dé àárín, wọ́n á bó gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀. Òun náà á di pọ́sítíìfù lójú ẹsẹ̀, ibi tó ń fà á tẹ́lẹ̀ á wá máa tì í jáde ní òdìkejì. Ìyẹn ni pé fóòtì kan náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọgbọ́n tó wù mí jù nínú ẹ̀rọ yìí nìyẹn.

Háídírójìn tí kò ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ yìí, tí a ń pè ní próótọ́ọ̀nù, ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ kọlu erùpẹ̀. Bó bá ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde ní ìsàlẹ̀ átọ́ọ̀mù bàbà, òmíràn á jábọ́ láti òkè wá dí àyè rẹ̀, agbára tó ṣẹ́kù á sì jáde bí X-ray. Bí a bá fi keV wọn agbára X-ray yìí, ti bàbà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 8.05, ti irin 6.4, ti síńkì 8.6. Bí ẹni tó wà nínú yàrá ṣe ń mọ ìyá ìlù yàtọ̀ sí gúdúgúdú láìyọjú síta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ bàbà yàtọ̀ sí irin. Bí X-ray tirẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni bàbà inú erùpẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe rìákítọ̀ o. Bí wọ́n bá pa á, ó ti kú nìyẹn. Rìákítọ̀ ìwádìí ti Nàìjíríà wà ní Sáríà, ní Yunifásítì Ahmadu Bello, láti ọdún 2004; níútírọ́ọ̀nù ni ìyẹn fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ń la inú erùpẹ̀ já. Próótọ́ọ̀nù ti Ifẹ̀ kò lè wọlé jìn púpọ̀ ju ìnípọn bébà kan lọ. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mú erùpẹ̀ oko rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ bù ú láti ojú oríṣiríṣi, kó sá a gbẹ, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó wà lójú òkè nìkan ni ẹ̀rọ máa kà.