Ṣé O Mọ̀? Ilẹ̀ Etí Òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí

Ṣé o mọ̀ pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò sọ ará Mushin tàbí Súrúlérè di onílẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí? Láti ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà.

Abúlé apẹja àti oko àgbọn ló pọ̀ jù létí òkun yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kìí ní oṣù kìíní, wọ́n tún ṣí ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, ní oṣù karùn-ún. Láti ìgbà náà, kò sí ilẹ̀ tí àwọn ajẹ́ńtì kì í pè ní “iṣẹ́jú márùn-ún sí Dangote.” Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń wọ̀ ni, àbí kí ni?

Ẹni tó gbọ́n máa ń mú sọ̀fíọ̀ tirẹ̀ lọ wo ilẹ̀ kó tó rà á. Sọ̀fíọ̀ náà á gba àmì igun ilẹ̀ sórí ẹ̀rọ, á sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀fíọ̀ Àgbà ní Alausa láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilẹ̀ náà bá bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó rà á kò ní í rí ìwé gbà.

Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2016 pàápàá ka kí ọmọ onílẹ̀ máa fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀ṣẹ̀.

Lọ wo ilẹ̀ tó o fẹ́ rà ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kó o lè mọ̀ bóyá omi ń dúró síbẹ̀, kó o tó sanwó.