Èjìká Mi Nínú Àwòrán

Ọmọ kíláàsì mi kan ló kọ́kọ́ rí i, kí èmi fúnra mi tó mọ̀. Mo ní kí kálukú ya ẹni tó bá wù ú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ya èmi. Kò sí ọrùn nínú àwòrán náà. Èjìká mi méjèèjì ti gòkè débi etí, bí ìjàpá tó gbúròó ẹsẹ̀ ọdẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo dúró síwájú dígí. Ọmọ náà kò parọ́.

Ìlú Dundee ní Scotland ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán sọ ìtàn. Nídìí iṣẹ́ yìí, Dundee kì í ṣe ìlú kékeré. Ibẹ̀ ni ìwé kọ́míìkì The Dandy ti jáde lọ́dún 1937, tí The Beano sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1938. Wọ́n tilẹ̀ mọ ère Desperate Dan inú The Dandy sí àárín ìlú, Minnie the Minx inú The Beano sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ wọ̀n ọ́n.

Kí n tó débẹ̀, mo ti rò pé òtútù ló máa bá mi jà. Òtútù ní oògùn: ẹ̀wù. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni n kò rí oògùn fún. Nílé wa, ẹni tó bá ní “Ààlọ́ o!” kò tíì panu dé tí wọ́n á fi ké “Ààlọ̀!” fún un. Níbí, mo á gbé àwòrán sójú pátákó, mo á sọ̀rọ̀, ọmọ méjìdínlógún á tẹjú mọ́ mi, wọn ò ní gbin pínkín. Ọ̀wọ̀ ni lójú tiwọn. Lójú tèmi, ṣe ló dà bíi pé ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ wọ́n létí, ni mo bá tún ń sọ̀rọ̀ sí i, wàràwàrà.

Lọ́jọ́ tí mo gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ Akinọlá Láṣekan dé, irú èyí tó ń yà fún ìwé ìròyìn West African Pilot láyé ìjọba òyìnbó ní Nàìjíríà, ìṣẹ́jú 40 ni mo fi ṣàlàyé kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀fẹ̀ tó gba ìṣẹ́jú 40, ṣé ẹ̀fẹ̀ ṣì ni?

Oṣù Kejìlá wá dé, tí oòrùn ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í payín keke lójú oorun. Dókítà eyín ló rí i, ó bi mí bóyá nǹkan ń dà mí láàmú. Mo ní rárá o. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó wà lókè òkun ń ráhùn? Bẹ́ẹ̀, bí másùnmáwo ṣe ń ṣe nìyẹn: bí ara bá ti fura sí ewu, àyà á máa lù kì-kì-kì, iṣan èjìká àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á le, kéèyàn lè jà tàbí kó sá. Olùkọ́ kò lè ṣe méjèèjì. Inú iṣan ló ń kó gbogbo ẹ̀ sí.

Àlàfo funfun kan wà láàárín àwòrán kan àti èkejì nínú kọ́míìkì. Ayàwòrán kọ́míìkì kan, Scott McCloud, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Understanding Comics, tó jáde lọ́dún 1993 pé ibẹ̀ ni òǹkàwé ti ń fi ọkàn ara rẹ̀ parí ìtàn. Ìyá gbọ́wọ́ sókè, àlàfo, ọmọ ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó ya ìgbátí, síbẹ̀ gbogbo wa la gbọ́ ọ. Èmi tí mò ń kọ́ wọn ní èyí, n kò fi àlàfo kankan sílẹ̀, nínú kíláàsì tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní báyìí, tí mo bá ti gbé àwòrán sókè, mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ nínú mi, mo sì ń mí síta díẹ̀díẹ̀, torí èémí tó bá pẹ́ kó tó jáde máa ń dẹ àyà. Kí n tó dé èje, ẹnì kan á ti nawọ́. Lọ́jọ́rú, n kì í gbé iṣẹ́ wọn wálé. Mo máa ń rìn létí odò Tay, lẹ́yìn náà mo á ro àmàlà. Mo sì ti sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ó rẹ̀ mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “O ò ṣe tètè sọ? Ṣó o ti jẹun?”

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn, mo wá ké “Ààlọ́ o!” Ọmọ mẹ́ta péré ló dá mi lóhùn. Ọ̀kan fa tiẹ̀ gùn débi pé ó ku díẹ̀ kí n gbàgbé ìtàn tí mo fẹ́ sọ.