Láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí dé Òkè-Ọya nínú mọ́tò téèyàn ń sùn sí: Owó rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí lọ̀rọ̀ wà!

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ará Ajah tàbí Awóyayà pé kó gbé mọ́tò, kó kọrí sí Kano, kó máa sùn sínú mọ́tò náà lójú ọ̀nà, kó sì máa dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí olúwarẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é? Ẹ má bá a wí o. Ẹni tó ń jẹ gosiló láti Ṣàngótẹ̀dó títí dé Victoria Island láràárọ̀, tó tún ń jẹ ẹ́ padà sílé lálaalẹ́, kò ní í fẹ́ gbọ́ orúkọ ìrìnàjò mìíràn sétí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti wèrè. Láti ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, tí ọmọbìnrin Yorùbá kan, Pẹ̀lúmi Nubi, ti wa ọkọ̀ kékeré wọ Èkó láti London, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbowó oṣù ló ń bi ara wọn léèrè pé, bí obìnrin kan ṣoṣo bá lè wakọ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá, kí ló dé tí àwọn kò lè dé Katsina tó wà nínú orílẹ̀-èdè àwọn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ti Pẹ̀lúmi ṣe rí. Ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ló kúrò ní London. Ọkọ̀ tó gbé kì í ṣe jíìpù ńlá rárá. Peugeot 107 ni, ọkọ̀ pẹńpẹ́ tí àwọn mìíràn kò ní í gbé dé Ẹ̀pẹ́, ó kùn ún ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó sì sọ ọ́ ní Lumi. Inú ọkọ̀ yìí náà ló ṣe ibùsùn sí. Ó gba ilẹ̀ Faransé àti Spain, ó bọ́ sí Morocco, ó gba Mauritania àti Senegal, ó kọjá ní Sierra Leone àti Liberia, títí tó fi dé Ghana, Togo àti Benin, tó sì gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Nǹkan bí 10,000 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀, kò sì ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Nígbà tó dé, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbà á lálejò, ó sì fún un ní mọ́tò tuntun.

Gbogbo èèyàn ló rántí ìlù àti ijó ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló rántí pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà dojú rú. Ní Côte d'Ivoire, ó lọ rọ́ lu ọkọ̀ àjàgbé kan tó dúró sójú títì. Iwájú Lumi fọ́ yángá, òun náà sì dèrò ọsíbítù. Orí ló kó o yọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tírélà tó dúró sójú títì yìí sọ́kàn o, a máa padà sórí rẹ̀.

Pẹ̀lúmi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn àgbà tó bá ń ka ìwé yìí kò ní í gbàgbé Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey kọrin nípa rẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń pe alárìnkiri ní Àjàlá. Kí ọdún 1952 tó parí, ó ti gun kẹ̀kẹ́ lásán láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ló gun Vespa káàkiri àgbáyé, tó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963. Kì í ṣe olówó nígbà náà, ẹnu dídùn àti àìbẹ̀rù ló fi ń rìn.

Ti Newton Jibunoh ló tiẹ̀ wá jọ ti Òkè-Ọya jù. Ní 1966, nígbà tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó dá wakọ̀ láti London wá sí Èkó, ó sì gba àárín aṣálẹ̀ Sahara kọjá. Ohun tó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ti dàgbà, ó dá ẹgbẹ́ FADE sílẹ̀ láti máa gbin igi sí apá Kano, kí yanrìn aṣálẹ̀ má baà gbé oko àwọn àgbẹ̀ mì. Ní 2008, tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó tún kó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn, wọ́n tún forí lé Sahara. Bàbá àgbà o!

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, irú ìrìnàjò báyìí kì í ṣe ìròyìn. Wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bí ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, ìdáná àti ilé ìgbẹ́ nínú. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ a máa gbé e láti Amẹ́ríkà gba Canada lọ sí Alaska, lójú títì tí àwọn ṣọ́jà là ní 1942 nígbà ogun Hitler. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni yìnyín àti ẹranko. Ní tiwa, èèyàn là ń bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó kékeré ṣe é ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kò nílò kó ra ilé orí táyà lókè òkun. Sienna tàbí bọ́ọ̀sì Hiace tó ti pẹ́ díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, ti tó. Wọ́n á tú àga ẹ̀yìn kúrò, káfíńtà á kan pákó pẹlẹbẹ síbẹ̀, fóòmù á wà lókè, ẹrù á wà nísàlẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn á wà lójú fèrèsé. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì, kúlà kan, gáàsì kékeré kan, tọ́ọ̀ṣì, táyà ìpààrọ̀ méjì dípò ẹyọ kan, jáàkì tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì àti fíúùsì. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ yẹ bíréèkì àti rédíétọ̀ wò dáadáa, nítorí oòrùn Òkè-Ọya kì í ṣeré.

Ohun méjì ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò náà. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa gba ẹ́ẹ̀sì sùn, kó má sì dáná gáàsì nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Èéfín tó ń pa odindi ìdílé nídìí jẹnẹrétọ̀ náà ló wà níbẹ̀, kì í sì í rùn kéèyàn tó sùn lọ. Èkejì, kí wọ́n má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù pamọ́ sábẹ́ fóòmù tí wọ́n ń sùn lé.

Ó kan owó wàyí. Láti Èkó dé Kano lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 2,000, ká fi 500 kún un fún ìyà sọ́tùn-ún sósì. Bí mọ́tò bá ń rin kìlómítà mẹ́wàá lórí lítà kan, 250 lítà ni wọ́n máa lò. Ká ní 1,000 náírà ni lítà epo, 250,000 náírà nìyẹn. Bí èèyàn mẹ́rin bá dáwó jọ, 62,500 náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ti hòtẹ́ẹ̀lì. Ká ní yàrá kan jẹ́ 20,000 náírà, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba yàrá méjì fún alẹ́ mẹ́sàn-án, 360,000 náírà ló máa lọ. Ṣé ẹ rí i pé owó oorun ju owó epo lọ? Ìdí nìyí tí mọ́tò téèyàn ń sùn sí fi jẹ́ ọ̀nà olówó kékeré. Síbẹ̀, kí wọ́n fi owó táyà, owó mẹkáníìkì àti owó àìròtẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ṣeni láàánú ni pé owó epo yìí kì bá má tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kò tó 200 náírà l'Èkó. Ilé ìfọpo Dangote tó wà nínú Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí níbí, tí wọ́n ṣe láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò tó ń gbọ́ ariwo tírélà rẹ̀ tọ̀sán-tòru ń ra epo bí gbogbo ayé ṣe ń rà á ni.

Àwọn tírélà yìí kan náà sì lè wúlò fún alárìnàjò. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tó dáa àti èyí tó bàjẹ́ ju dẹ́rẹ́bà tó ń gbé epo lọ sí Òkè-Ọya lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan fún wọn, kó sì fetí sílẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń sùn, wọ́n mọ ibi tí wọn kì í gbà mọ́ tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù.

Ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tiẹ̀ ní àǹfààní kan tí ará Ìkẹjà kò ní. Kò nílò kó wọ inú gosiló Èkó rárá. Láti Ẹlẹ́kọ, ó lè gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kó já sí Ìbàdàn, kó wá gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Jẹ́bà ló ti máa gun afárá kọjá Odò Ọya. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ Òkè-Ọya ti bẹ̀rẹ̀.

Àkókò tó dára jù ni oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Òtútù á mú lóru ní Kano, nítorí náà kí wọ́n mú aṣọ ìbora tó nípọn. Tó bá ti di oṣù Kẹta, ooru á bẹ̀rẹ̀, àìsàn yírunyírun náà sì máa ń jà níbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Tó bá di ìgbà òjò, omi lè gbé ọ̀nà lọ. Gbogbo ayé rí ohun tí ẹ̀kún omi fojú Mokwa, ní ìpínlẹ̀ Niger, rí ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó le o. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2022, àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù dá rélùwéè tó ń lọ láti Abuja sí Kaduna dúró. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrò wọ igbó. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n tó fi àwọn tó kù lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn èrò yẹn wọ rélùwéè torí pé wọ́n ń bẹ̀rù ojú títì ni o! Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 náà, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹrúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Kwara ni o, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Kò sí fóòmù tó rọ̀ tó ẹ̀mí. Wíwakọ̀ lóru kò sí nínú ètò yìí rárá, nítorí agbébọn, àti nítorí tírélà tí kò ní iná tó kàn dúró sójú títì bí irú èyí tí Pẹ̀lúmi lọ rọ́ lù. Tó bá ti di agogo mẹ́rin, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n máa sùn. Kí ibẹ̀ má jẹ́ inú igbó o, nítorí òyìnbó ló ń sùn sínú igbó. Ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì tó ní géètì ni kí wọ́n ti bẹ máníjà pé àwọn fẹ́ san owó díẹ̀ láti páàkì kí àwọn sì wẹ̀. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ẹnì kan ti bá wọn sọ̀rọ̀ sí náà dára.

Bí wọ́n bá sì dé Kano, wọn kì í ṣe ọmọ òrukàn níbẹ̀. Bí Hausa ṣe ní Sábó n'Ìbàdàn náà ni Yorùbá wà ní Sabon Gari, ọjọ́ sì ti pẹ́. Kí wọ́n wá àwọn àgbà ibẹ̀ lọ, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú wọn lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ní Kofar Mata, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Bó bá bọ́ sí àsìkò Iléyá tàbí ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n lè rí ẹlẹ́ṣin ọba lóríṣiríṣi, èyí tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àṣà àgbáyé ní 2024. Kí wọ́n má gbé ọtí kiri, kí obìnrin múra dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò ṣọ́jà.

Àwọn tí ojú wọn tún ń wo ọ̀nà iwájú, òótọ́ ni pé títì ńlá kan wà lórí máàpù tó bẹ̀rẹ̀ l'Èkó, tó gba Kano, tó wọ ilẹ̀ Niger, tó la Sahara kọjá dé Algiers, nǹkan bí 4,500 kìlómítà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba ní Niger lóṣù Keje ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ẹnubodè ibẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Nàìjíríà tì í pa, ó tún ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Niger kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Pẹ̀lúmi kò gba ibẹ̀, etí òkun ló tọ̀ wálé. Ọlọ́gbọ́n ni.

Ohun tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kó má fò lọ sí Katsina lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kọ́kọ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí dé Ìbàdàn, kó sùn sínú mọ́tò náà, kó mọ ohun tó ń jò àti ohun tó ń dún. Lẹ́yìn náà, Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, Jẹ́bà, kó wo Odò Ọya. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, kó béèrè ọ̀nà iwájú lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá ní kò dára, kó yí mọ́tò padà. Kó ní ẹnì kan nílé tó mọ ọ̀nà tó gbà, tí yóò máa pè láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí nọ́ńbà àwọn Road Safety, 122, wà lórí fóònù rẹ̀. Kí gbogbo pépà mọ́tò pé.

Ẹni tó bá yí padà ní Jẹ́bà kò tíì pàdánù ohunkóhun. Mọ́tò rẹ̀ ṣì wà, fóòmù rẹ̀ ṣì wà, Kano kò sì ní í sá lọ. Ọ̀nà tó bá burú lọ́dún yìí lè dára lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó wà láàyè ni yóò sì rìn ín.