Ìdí tí Ọdún 1859 fi Wà nínú Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀rúndún kọkànlélógún ti lọ. Bí àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń to ìwé àti fíìmù tó ta yọ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà jọ, àwọn kan ka 2000 mọ́ ọn, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti 2001. Inú ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà pe ọdún ni ìyàtọ̀ yìí ti wá.

Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń pe ọ̀rúndún, ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń lọ lọ́wọ́ ló máa ń kà. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ti wà nínú ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Bákan náà, ọdún 1 sí 100 ni "first century", 1801 sí 1900 sì ni "nineteenth century". Nítorí náà, Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859 jẹ́ ti "nineteenth century", bó tilẹ̀ jẹ́ pé 18 ló ṣíwájú nínú ọdún náà. Ẹni tó bá pè é ní "eighteenth century" ti tì í sẹ́yìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko.

Kò yẹ kí irú ọ̀nà kíkà yìí ṣòro fún Yorùbá. Ọjà tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Ajé, tó jẹ́ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an: ọjọ́ Ajé fúnra rẹ̀ ni wọ́n kà ṣe ọ̀kan. Kò sí òdo níbẹ̀.

Kò sí òdo nínú kàlẹ́ńdà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò pẹ̀lú. Ní ọdún 525 ni Dionysius Exiguus, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní Róòmù, ń ṣe tábìlì ọjọ́ Àjíǹde, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti ìgbà ìbí Jésù. Bede, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀nà kíkà náà nínú ìtàn ìjọ tó parí ní 731, ó sì tàn káàkiri. Òdo gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn láti Íńdíà. Nítorí náà, "1 BC" kan "AD 1" gbáà. Ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè pé títí ọdún 100 yóò fi parí. Ẹgbẹ̀rún méjì náà kò pé títí 2000 fi parí. Àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní ọdún òdo nínú ìṣirò tiwọn, ṣùgbọ́n òpìtàn kì í lò ó.

Ẹ̀wádún ní òfin tirẹ̀: "the 1850s" ni 1850 sí 1859, kò sì nílò àmì kọ́mà òkè kankan. "1850's" máa ń túmọ̀ sí ohun tó jẹ́ ti ọdún 1850, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn New York Times pẹ́ gan-an kó tó fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ibi mìíràn tí Yorùbá ti máa ń ṣì í tí wọ́n bá ń kọ ọdún lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "ní". Ọ̀rọ̀ kan yìí ló ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta: ní ọdún 1960 di "in 1960", ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá di "on 1 October", ní aago méjìlá di "at twelve o'clock". "Ní ọdún tó kọjá" kò tilẹ̀ gba ìkankan nínú wọn. "Last year" lásán ni, "in last year" kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "between 1914 and 1960" tọ̀nà, "between 1914 to 1960" kò tọ̀nà.

Ní ti ọ̀rúndún, gbogbo ayé ló ṣàjọyọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tuntun ní oṣù Kìíní 2000, ó sì jọ pé àṣà kíka 2000 mọ́ ọn kò ní parẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka 2000 mọ́ ọn lè kọ "since 2000", kó má dárúkọ ọ̀rúndún rárá. Ọjọ́ tí "twenty-first century" yóò parí ni ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọdún 2100.