Kí Ẹ Tó So Iná Àfikún Mọ́ Hilux Yín: Ọ̀rọ̀ Wáyà, Fíúsì àti Ríléè

Tí èèyàn bá ra Hilux tòkunbọ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ fi kún un ni iná. Iná gbọọrọ lórí kébìn, iná róbótó méjì níwájú bọ́m̀pà, nígbà míì fèrè ńlá tó ń dún bíi ti tírélà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ọ̀nà oko ṣókùnkùn, ihò pọ̀, iná tó bá ọkọ̀ wá kì í sì í sábà tó. Iṣẹ́ náà ò le rárá. Ẹni tó bá mọ sípánà àti puláyà lò lè ṣe é nílé lọ́sàn-án Sátidé kan.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo nǹkan tí èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ fi kún ọkọ̀, èyí wà lára àwọn tó lè jó ọkọ̀ náà ráúráú. Tí ẹ bá ra aṣọ síìtì tí kò bára mu, ojú nìkan ló máa burú sí. Tí ẹ bá so iná pẹ̀lú wáyà tí kò tó, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè gbiná lójú ọ̀nà. Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilux kan rí tí ẹnì kan ti so iná méjì mọ́. Wáyà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ṣájà fóònù, kò sí fíúsì kankan níbẹ̀, rọ́bà ara wáyà náà sì ti rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ọlọ́kọ̀ ò mọ nǹkan kan. Ohun tó ń rí ni pé iná ń tàn.

Iná tó ń tàn kò túmọ̀ sí pé ó dáa o. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

Volt kékeré, ìṣàn ńlá

Ẹ ti máa ń gbọ́ ọ ná: "12 volt lásán ni bátìrì ọkọ̀, kò lè gbé èèyàn." Òótọ́ ni, tí ẹ bá fi ọwọ́ gbígbẹ kan orí bátìrì, kò ní gbé yín. Ṣùgbọ́n torí pé volt rẹ̀ kéré gan-an ni ewu rẹ̀ fi wà lápá ibòmíì.

Iye iṣẹ́ tí iná ń ṣe, ìyẹn watt, ni volt tí a fi ampere sọ di púpọ̀. Volt ni agbára tó ń ti iná lọ, ampere ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Ẹ mú gílóòbù 55 watt. Nílé, níbi tí iná ti jẹ́ 230 volt, kò ní fà ju nǹkan bí 0.24 ampere lọ. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ 12 volt, gílóòbù 55 watt máa fa 4.6 ampere. Ó ju ìlọ́po 19 lọ! Tí ẹ bá so méjì, ó ti di 9.2 ampere.

Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ lo wáyà tí wọ́n fi ń so gílóòbù ilé kékeré. Iná ọkọ̀ ń béèrè ọ̀nà tó fẹ̀.

Kí ló ń mú wáyà gbóná?

Ẹ ronú nípa ọ̀nà tóóró láàárín ọjà nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Bí èrò bá ṣe pọ̀ sí, tí ọ̀nà sì fún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa fara gbún ara wọn, tí òòrùn àti òógùn á máa pa gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń ṣe nínú wáyà. Gbogbo wáyà ló ní ìdíwọ́ díẹ̀. Georg Ohm ará Jámánì ló kọ òfin rẹ̀ jáde ní 1827: volt tó máa sọnù lójú ọ̀nà ni ampere tí a fi ìdíwọ́ wáyà sọ di púpọ̀. Ní 1841, James Joule ará Gẹ̀ẹ́sì tún fi hàn pé tí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà ò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Wáyà bàbà tó gùn ní mítà 5, láti bátìrì dé ọ̀pá ẹ̀yìn kébìn:

- Tí inú rẹ̀ bá jẹ́ 0.5 mm², ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.175 ohm. Pẹ̀lú 9.2 ampere, 1.6 volt á sọnù sójú ọ̀nà, nǹkan bí 15 watt á sì di ooru.
- Tí inú rẹ̀ bá jẹ́ 2.5 mm², ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.035 ohm. 0.3 volt péré ló máa sọnù, 3 watt ló sì máa di ooru.

Lóòótọ́, 15 watt tó tàn ká mítà 5 ò ní jó wáyà lójú ẹsẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 70°C ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rọ́bà PVC ara wáyà fún. Èyí tó tún burú jù ni ojú ìsopọ̀. Tí ẹ bá kàn fọwọ́ lọ́ wáyà méjì pọ̀, tí ẹ wá fi tépù wé e, ìdíwọ́ ojú kan yẹn lè di 0.2 ohm nígbà tí ìpẹtà bá wọ̀ ọ́. Pẹ̀lú 9.2 ampere, nǹkan bí 17 watt á pé jọ síbi tí kò ju ẹ̀wà kan lọ. Kò yàtọ̀ sí áyọ̀n tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ léèdì.

Fíúsì: wáyà ló wà fún, kì í ṣe gílóòbù

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ọ̀pọ̀ rò pé torí kí gílóòbù má bàa jó ni wọ́n ṣe ń fi fíúsì sí i. Rárá o. Gílóòbù kì í fà ju ohun tó fẹ́ lọ. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́.

Ẹ ká sọ pé wáyà 0.5 mm² yẹn fara ha irin ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí bátìrì, tí rọ́bà rẹ̀ bó, tí bàbà sì kan irin. Gílóòbù ò sí lójú ọ̀nà mọ́ láti dín iná kù. Bátìrì tó lè fún sítátà ní ohun tó ju 100 ampere lọ ò ní wojú ẹnikẹ́ni. Ó máa ti iná tó ju 60 ampere lọ gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ooru tó ju 600 watt lọ á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fojú inú wo áyọ̀n ìlọṣọ tí wọ́n fà gùn bí okùn, tí wọ́n wá tẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́ páìpù epo kọjá.

Fíúsì á ti já kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá fi í sí ṣe pàtàkì. Bátìrì ni kó sún mọ́, kó má jìnnà ju ìka ọwọ́ tí a yà lọ. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì ò ní olùṣọ́ kankan.

Fún iná 9.2 ampere, fíúsì 15 ampere ló yẹ, èyí aláwọ̀ búlúù. Pupa ni 10, yẹ́lò ni 20, gíríìnì ni 30. Tí búlúù bá já, ẹ má sáré fi gíríìnì rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ní kí ọlọ́dẹ máa lọ sùn. Ẹ wá ohun tó já a.

Ríléè: ọmọ kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn ńlá

Swíìṣì inú kébìn kì í sábà lágbára tó láti gbé 9 ampere fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí swíìṣì máa darí ríléè, kí ríléè wá gbé iná ńlá. Wáyà wíwé kan wà nínú ríléè tó máa ń di mágnẹ́ẹ̀tì tí iná díẹ̀ bá ti gba inú rẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì yẹn á fa irin kan mọ́ra, ọ̀nà ńlá á sì ṣí. Ìṣàn tí wáyà wíwé yẹn ń lò kì í sábà pé 0.25 ampere.

Ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀:

- 30: ó ń ti bátìrì bọ̀, láti inú fíúsì.
- 87: ó ń lọ sí iná.
- 86: ó ń ti swíìṣì bọ̀.
- 85: ó ń lọ sí ara irin ọkọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é

1. Mo máa ń pa ọkọ̀, máa bọ́ òrùka àti aago, máa wá tú orí bátìrì tó ní àmì − kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Kí nìdí? Ara irin ọkọ̀ ni − so mọ́. Tí ẹ bá ń tú + nígbà tí − ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà wá kan irin, iná á ta pàà. Tí ẹ bá parí, − ni kó kẹ́yìn láti padà síbẹ̀.
2. Mo máa ń fi abẹ ha wáyà tí mo bá rà. Lọ́jà bíi Ládípọ̀, oríṣiríṣi wáyà ló wà. Tí ojú bá pupa bíi bàbà, tí inú náà sì pupa, ó dáa. Tí ẹ bá ha á tí inú rẹ̀ funfun, aluminium ni wọ́n fi bàbà bò. Ìdíwọ́ aluminium ju ti bàbà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.6.
3. Níbikíbi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, mo máa ń fi òrùka rọ́bà sí i. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, irin sì ń gé wáyà díẹ̀díẹ̀ bí ayùn.
4. Níbi tí wáyà ti máa kan ara ọkọ̀, mo máa ń fi sáńpépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin á fi dán, máa fi bóòtù dè é le, máa wá fi gírísì kùn ún. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá.
5. Mo máa ń gba iná swíìṣì láti ibi tó ní fíúsì tirẹ̀, tó sì máa ń kú tí mo bá yọ kọ́kọ́rọ́, kí bátìrì má bàa kú mọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí mítà sọ òótọ́

Tí ẹ bá parí, ẹ tan iná náà. Ẹ wọn volt lórí bátìrì, ẹ wá wọn ọ́n lẹ́yìn gílóòbù, láàárín wáyà rẹ̀ méjèèjì. Tí ìyàtọ̀ wọn ò bá ju 0.5 volt lọ, ẹ ṣiṣẹ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà kéré jù tàbí ojú ìsopọ̀ kan ò dáa. Kì í ṣe ewu nìkan ni ẹ ń yẹra fún. Tí volt gílóòbù halogen bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dínkù. Àìmọye èèyàn ló ti lọ ra gílóòbù tó tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ wáyà ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iná ti ń tàn, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà, fíúsì àti ríléè. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Tó bá jó yín lọ́wọ́, ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tún un ṣe kílẹ̀ tó ṣú.

Tí ẹ bá sì ti gbé e dójú títì, ẹ pa iná àfikún yẹn tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú. Ojú dẹ́rẹ́bà yẹn náà ń wá ọ̀nà.