Kúlà Kékeré Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dáná Sun Peugeot Bàbá

Ìsọmọlórúkọ la lọ ṣe ní Zaria lọ́jọ́ náà. Bàbá ló ń wa ọkọ̀, Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, àwa àti àwọn ọmọ kéékèèké sì wà lẹ́yìn. Láti Zaria sí Kaduna kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. A ti ń sún mọ́lé nígbà tí sítiárìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò pẹ́, ó le gbagidi mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Bí èéfín ṣe yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni Bàbá rọra fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ kíá.

Àṣé kì í ṣe omi radiétọ̀ ló ń hó. Epo sítiárìn ló ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná janjan. Epo yẹn lè gbiná bí ooru bá pọ̀ jù. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ọkọ̀ tí Bàbá ò lè tà

Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna níbí. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà láyé ìgbà náà tí kò mọ̀ ọ́n: òun làwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn, òun náà làwọn akérò ń wà láti ìlú dé ìlú. Nínú ti Bàbá ni wọ́n ti gbé wa lọ sílé ìwé. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n tà á?

Ṣùgbọ́n agbára apá ni wọ́n fi ń yí sítiárìn rẹ̀. Nígbà tí làkúrègbé mú èjìká Bàbá, àwa ọmọ dáwó jọ, a ní kí wọ́n tú páwà sítiárìn lára Peugeot 505 àlòkù kan, kí wọ́n dè é mọ́ 504. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Bàbá nínú. Wọ́n ní àwọn tún ti di ọ̀dọ́.

Láàárín oṣù mẹ́fà, pọ́ọ̀ǹpù àkọ́kọ́ kú. A ra òmíràn. Ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Owó tí pọ́ọ̀ǹpù méjèèjì jẹ tó owó ilé ìwé ọmọ kan fún sáà kan. Mẹkáníìkì tó ṣe é ṣáà ń sọ pé ayédèrú la rà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí a ń ṣe gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ tí kúlà ń ṣe

Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù. Pọ́ọ̀ǹpù á fa epo láti inú agolo rẹ̀, á fi agbára tì í gba inú hóòsì líle kan lọ sí ráàkì sítiárìn. Nígbà tí a bá ń yí táyà lórí ìdúró, agbára epo nínú hóòsì yẹn lè ju 1,000 psi lọ, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn táyà ọkọ̀ ilé kì í sábà ju 30 sí 35 lọ. Bí epo bá ti ṣiṣẹ́ tán ní ráàkì, agbára á tán lára rẹ̀, ooru ló máa kù. Ọ̀nà tó ń gbà padà sínú agolo ni kúlà máa ń wà: ó lè jẹ́ páìpù tí wọ́n ká, ó sì lè jẹ́ radiétọ̀ kékeré, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Bí epo kò bá tutù, á dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná, á sì ba rọ́bà inú pọ́ọ̀ǹpù àti ráàkì jẹ́. Bó bá tún ń jò tó sì lọ sílẹ̀ nínú agolo, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo. Igbe tí a ń gbọ́ nìyẹn.

Bí Malam ṣe rí i

Lẹ́yìn ọjọ́ Zaria yẹn, a pe Malam kan tó ti pẹ́ nídìí 504. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan pọ́ọ̀ǹpù. Ó kọ́kọ́ ṣí agolo epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó ti bébà funfun bọ̀ ọ́. Epo pupa la rọ sí i, àwọ̀ ilẹ̀ ló bá jáde, ó sì ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ọṣẹ.

Ó nu gbogbo hóòsì gbẹ, ó tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, ó ní ká tanná sí i, kí ẹnì kan máa yí sítiárìn sọ́tùn-ún sósì. Abẹ́ pọ́ọ̀ǹpù gbẹ. Abẹ́ kúlà ni epo ń kán sí.

Ó wá wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó kán omi sórí páìpù tó wọ kúlà àti èyí tó jáde. Omi hó ṣàà lórí méjèèjì. Kúlà kò tu nǹkan kan lójú.

Ni a bá wò ó dáadáa. Páìpù kọ́pà láti ara fíríìjì àtijọ́ ni wọ́n ká, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín níbi tí atẹ́gùn kò dé. Ẹnu rẹ̀ ń dán, kò ní ògiri kékeré tí kílíìpù á fi dì í mú. Hóòsì omi radiétọ̀ ni wọ́n sì fi so ó. Epo ti jẹ ẹ́ rọ̀ pẹ̀tẹ̀.

“Bàbá,” Malam sọ, “pọ́ọ̀ǹpù yín méjèèjì kò ṣẹ̀. Ẹ wo ẹni tó pa wọ́n.”

Àtúnṣe

Malam yọ ọ́ dànù. A ra kúlà kékeré tókùnbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ní ògiri, ó dè é síwájú radiétọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Ó lo hóòsì tí wọ́n ṣe fún epo, ó fi kílíìpù gidi dì í, ó sì gbé e jìnnà sí páìpù èéfín.

Lẹ́yìn náà, ó fi jáàkì gbé táyà iwájú sókè, ó tọ́ka ẹnu hóòsì àbọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń yí sítiárìn láìtanná, ó ń bu epo tuntun sí i títí ohun tó ń jáde fi pupa. Ó so hóòsì padà, ó tún yí i lọ yí i bọ̀ títí afẹ́fẹ́ fi tán, kó tó tanná.

Bí ẹ bá ní irú ọkọ̀ yìí nílé

1. Kúlà kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà tí epo ń gbà lọ sí ráàkì. Ojú ọ̀nà àbọ̀ ni kó wà. Agbára ti ọ̀nà àlọ yóò bẹ́ ẹ.
2. Epo tí ìwé ọkọ̀ tàbí ti pọ́ọ̀ǹpù bá sọ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má bu epo bíréèkì sí i láé, ó ń ba rọ́bà jẹ́.
3. Bí ẹ bá yí sítiárìn dópin, ẹ má dì í mú síbẹ̀ pẹ́. Epo á gbóná kíákíá.
4. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa rọra fọ eruku kúrò lójú kúlà àti radiétọ̀.
5. Bí sítiárìn bá le lójijì lójú ọ̀nà, ẹ má bẹ̀rù: ó ṣì ń yí, agbára apá ló fẹ́. Ẹ dín eré kù, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí iná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí i gbayawu. Ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà ná.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù kẹta tí a rà lẹ́yìn àtúnṣe yìí ló ṣì wà lára ọkọ̀, kò sì ké rí. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Bàbá máa ń ní kí àwọn ọmọ lọ fa páálí tó wà lábẹ́ Peugeot jáde. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò tojú tìyẹ́, wọ́n á ké wọlé pé, “Bàbá, ó gbẹ o!” Ìgbà náà ni Bàbá máa ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.