Ṣé o mọ̀? Àìlètọ̀ dáadáa kì í ṣe ọjọ́ orí lásán

Ọ̀pọ̀ bàbá tó ń jí tọ̀ léraléra lóru, tí ìtọ̀ wọn ń kán tó-tó-tó, ló gbà pé àgbà ló dé. Lóòótọ́, próstéètì tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká máa ń tóbi bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, wíwú yìí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó ní oògùn: tamsulosin ń dẹ iṣan ibẹ̀, finasteride sì ń mú kí próstéètì súnkì láàárín oṣù díẹ̀. Ẹlòmíì á ní nǹkan kan ò ṣe òun. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ próstéètì kì í sábà fi àmì hàn níbẹ̀rẹ̀. Ní Bírítéènì, ọ̀kan nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 4 ló ń ní in. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti pé ọmọ ọdún 45, ẹ bi dókítà yín nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA.